Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Lékan Fi Tọrọ Ìyàwó

                                        Ilé Ṣàkírù ọmọ mi,
                                        Bolingbrook, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Àdùfẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Mo kí ọ o. Mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kírun lórí ìdúró, àbí orí àga lo ṣì wà? Bàbá Ìbráhìm ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Ìbráhìm fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ṣé ó ti sọ̀ láyọ̀? Bó bá jẹ́ obìnrin ló bí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ ní Ṣífáwù o. Èmi nìkan tó fún orúkọ yẹn.

Èmi wà dáadáa. Mo sanra. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mò ń lò ó, mo sì ń bu iyọ̀ sóúnjẹ mi bí wọn ò bá sí nílé. Ṣàkírù ń kí ọ. Mutmainnah ìyàwó rẹ̀ náà ń kí ọ. Àwọn ọmọ ń kí ọ.

Fàdìlàt ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Fàdìlàt àkọ́bí Ṣàkírù gan-an, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Nusaybah àbúrò rẹ̀ ni ǹ bá ní kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá Nusaybah, "ẹ káàárọ̀" ló bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Fàdìlàt ti fajú ro báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má bá mi tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Daud ọmọ Alhaji Adéògún ló ń bọ̀ wálé, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù rẹ yẹn, bí mo bá sín ní Amẹ́ríkà, gbogbo agbolé yín ló ń kí mi kú orí ire. Jẹ́ kí Ìbráhìm kà á fún ọ nínú yàrá, kó sì rọra kà á.

O bi mí pé ọjọ́ wo la mú fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Fàdìlàt àti Lékan, kí o lè tètè bá wa gba àga àti ìbòòrùn. Àdùfẹ́, jókòó. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

O mọ Lékan, ọmọ obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín, tí bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà kó tó kú. Kékeré lo mọ̀ ọ́n. Ó ti ga báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Edgewater ló ń gbé, létí adágún ńlá Chicago, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ilé alájà gíga. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu ìdí wọn. Ó sì ń kàwé nọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Fàdìlàt ní tiẹ̀, o mọ̀ pé ó ti di ògbóǹtarìgì apòògùn, ó ń wọ aṣọ funfun. Níbi ìṣínu ààwẹ̀ ní mọ́sáláṣí ni wọ́n ti pàdé. Fàdìlàt fẹ́ràn Lékan. Kọ ọ́, Fàdìlàt. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó wá bá mi ní kíṣìnnì pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́, ọmọ tí kò lè wo ojú ẹja tẹ́lẹ̀.

Ìyá Lékan ò tíì gbọ́ nǹkan kan o. Lékan ló ní kí bàbá Fàdìlàt kọ́kọ́ gbà ná, kóun tó sọ fún ìyá òun.

Ṣàkírù ò sì gbà. Kì í ṣe pé Lékan ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ná gbogbo owó yẹn lórí ẹ̀kọ́ ọmọ kó wá lọ fẹ́ ẹni tó ń nu ìdí òyìnbó. Mo ní, "Ṣàkírù, ta ló nu tìrẹ?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n sinmi."

Ní gáréèjì Ṣàkírù, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí òyìnbó tó ta ilé fún un so mọ́ àjà, tó fi sílẹ̀ bá wọn níbẹ̀. Kì í ṣe irú tiwa tí wọ́n ń gbẹ́ lára odindi igi. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n to igi tín-ín-rín sínú rẹ̀ bí egungun ìhà, wọ́n wá fi aṣọ nípọn bò ó lóde, wọ́n kun aṣọ náà lọ́dà kí omi má baà wọlé. Ṣùgbọ́n aṣọ ti ya, púpọ̀ nínú egungun ti kán, orí rẹ̀ kan ti jẹrà, eku sì ti bímọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà.

Lọ́jọ́ Iléyá, Lékan wá kí wa. Gáréèjì la ti ń kun ẹran. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ṣàkírù, bó sì ṣe ń dìde ló gbójú sókè. Ó ní, "Sà, ọkọ̀ yìí ò tíì kú o. Ó ṣe é tún ṣe." Bó bá ti dákẹ́ ni, bóyá à bá máa sọ̀rọ̀ ìyàwó báyìí.

Alhaji Adéògún ọ̀rẹ́ Ṣàkírù wà níbẹ̀, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ṣàkírù wo Adéògún, ó wo Lékan látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lọmọ Ẹ̀pẹ́. Tún un ṣe." Ó ní lọ́jọ́ píkíníìkì àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ níparí oṣù kẹjọ, kó gbé e sómi níwájú gbogbo èèyàn, kó wà á dé òdìkejì, kó sì wà á padà. Bó bá ṣe é, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ owó tí ò lè ra bàtà, ó nà án sí i. Ó ní ìyẹn nìkan ni kó ná, kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Mo fẹ́ rí bóo ṣe ń fi díẹ̀ ṣe nǹkan, torí díẹ̀ náà ni wàá máa mú wálé fọ́mọ mi."

Adéògún ní, "Bó bá rì ńkọ́?"

Ṣàkírù ní, "Kó lúwẹ̀ẹ́ padà sí Edgewater."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó pa mí lẹ́rìn-ín ni. Lékan náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbowó.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ló ń wá. Ibi iṣẹ́ ló máa ń gbà wá tààrà, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Àdùfẹ́, bí o bá rí bọ́mọ yẹn ṣe ń ṣọ́wó ná! Willie, ọkùnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó múlé tì wá, ń tú ògbólógbòó fẹ́ǹsì rẹ̀ dà nù. Lékan lọ bẹ̀ ẹ́, ó kó pákó ibẹ̀, ó ní irú igi tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Aṣọ tó máa fi bò ó, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé ẹni tó kú ló ti rí i, aṣọ nípọn táwọn akunlé ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà ta sí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìṣó kéékèèké tó yọ lára ọkọ̀, kò da ẹyọ kan nù. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi òòlù nà wọ́n tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Egungun tuntun tó fẹ́ fi sí i, kò lè tẹ̀ ẹ́ láìsí oru gbígbóná. Kò sówó láti ra nǹkan tó ń mú oru jáde. Ó bá wá dọ̀bálẹ̀ fún mi ní kíṣìnnì pé kí n yá òun ní ìkòkò mọ́ínmọ́ín mi. Ó gbé e kaná níta, ó ki páìpù sórí ìdérí rẹ̀, ó ki igi sínú páìpù. Nígbà tó yá, igi náà rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ń tẹ okùn. Mutmainnah ní títí láé, òun ò ní jẹ mọ́ínmọ́ín inú ìkòkò yẹn mọ́. Ó jẹ ẹ́ ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún tọrọ sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Níbẹ̀rẹ̀, Fàdìlàt ló ń gbé omi fún Lékan, tó ń bá a di orí igi mú. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èmi á sì máa fi ojú kan sùn. Ṣùgbọ́n Adéògún rí i pé eré ọ̀fẹ́ ti wà, ó ń gbé àga wá látilé rẹ̀ ní Sátidé Sátidé. Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń sọ̀rọ̀. Bí Lékan bá ń yí ọkọ̀ dojú dé, á ní, "Lékan, rọra o, ṣé ó ti ṣu sára ni?" Bó bá ń fi aṣọ tútù nu pákó, á ní, "Kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀!" Ṣàkírù ní tirẹ̀, á ní níwọ̀n ìgbà tó ti mú omi lọ́wọ́, kó bá òun fọ mọ́tò. Á fọ̀ ọ́. Á ní kó gbá gáréèjì kó tó lọ. Á gbá a.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Fàdìlàt. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Omi tó ń gbé wá, ó di Nusaybah ló ń rán. Nígbà tó tún yá, ó gbé àga tirẹ̀ ti àga Adéògún, ó ń bá a jẹ ẹ̀pà.

Ó wá ku kí Lékan fi aṣọ bo ọkọ̀. Àdùfẹ́, bí ọkọ̀ bá ti gbẹ fún ọjọ́ pípẹ́ nílé wa, kí la máa ń ṣe fún un? À ń rọ omi kún un ni, à ń rì í sódò, kí igi mumi, kó wú, kó fi ara rẹ̀ di ojú tó là. Ohun tí mo sọ fún Lékan náà nìyẹn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé eléyìí náà máa gbà á?" Mo ní igi nigi ń jẹ́. Bàbá rẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó bá gbà. Ó gbé ọkọ̀ sórí igi ìdábùú méjì lẹ́yìnkùlé, ó ki rọ́bà omi sí i. Omi ń jò nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé tiwa, inú omi ló ń wà. Omi inú ń tì í, omi ìta náà ń tì í, wọ́n ń gbé ara wọn ró. Èyí tí Lékan gbé sórí igi, afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí omi ṣe fẹ́ kún un báyìí, gbàà! Ọkọ̀ kán lẹ́yìn. Omi gbá Lékan lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀, ìdajì ọkọ̀ sùn lé e láyà, gbogbo egungun tó ti fi ìkòkò mi tẹ̀ ń ta pàrá pàrá.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Adéògún ṣubú lórí àga. Ṣàkírù ń fi agbádá nu omijé.

Fàdìlàt ti gbé fóònù sókè. Ó ń yà á ní fídíò, ó ń rìn yí i ká, ó ń sọ̀rọ̀ sí i pé, "Ẹ wá wo Ànọ́bì Nùhù mi o! Òjò ò tíì rọ̀, ọkọ̀ ti rì!" Lékan ò lè dìde. Ó na ọwọ́ sí i pé kó fa òun. Fàdìlàt sún mọ́ ọn, ó ya ọwọ́ náà dáadáa, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó ń kán lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kíkíkí. Kò dì í mú. Ó ní kí n má sọ èyí. Kọ ọ́.

Lékan ti ọkọ̀ kúrò láyà ara rẹ̀, ó dìde. Ṣàkírù ní, "Òmùgọ̀ wo ló ní kí o rọ omi sínú pákó?" Lékan wolẹ̀, ó ní, "Èmi ni, sà." Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo sọ fún un. Ṣàkírù ní, "Mọ́mì, ẹ má gbèjà ọ̀dẹ̀." Mo tún un sọ, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, mo bá dákẹ́.

Kílẹ̀ tó ṣú, fídíò ti wà nínú wọsáàpù àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Chicago. Ó ti ibẹ̀ bọ́ sí ti mọ́sáláṣí. Ojú Fàdìlàt ò hàn níbẹ̀ o, ohùn àti ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni, pẹ̀lú ọwọ́ Lékan. Fóònù tọ́ọ̀ṣì lo ní, ìyẹn ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé Lékan níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá: "Bọ̀dá Nùhù, òjò dà? Ṣé ewúrẹ́ ti wọlé? Ìnàkí ńkọ́?" Àwọn àgbà ń gbọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Fàdìlàt ní àwọn èèyàn tí kì í kí òun tẹ́lẹ̀ ti ń kí òun. Inú rẹ̀ ń dùn.

Mo rò pé Lékan ò ní wá mọ́. Sátidé pé, mo rí mọ́tò rẹ̀ tó ń wọlé. Ó kí gbogbo wa, Adéògún pàápàá. Ó tú gbogbo egungun tó kán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Owó Ṣàkírù ti tán, ó tún lọ bẹ Willie fún pákó. Willie ní kó kó gbogbo fẹ́ǹsì tó kù, ó tún fún un ní ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tó kun ilẹ̀kùn. Mo gbé ìkòkò mi fún un kó tó béèrè. Ó fa aṣọ náà le dan-in-dan-in bí awọ ìlù, ó kàn án mọ́ ọkọ̀, ó fi nǹkan bí ẹ̀kọ tútù ra gbogbo ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ha á kó dán, ó wá kùn ún.

Ohun kan ló yí padà lára rẹ̀. Kò jẹun wa mọ́. Mo gbé ìrẹsì wá, ó ní, "Ẹ ṣé Màmá, mo ti jẹun." Mo gbé omi wá, ó ní òun gbé tòun. Omi ẹ̀rọ, Àdùfẹ́! Omi tí a kì í rà! Mo sọ fún Fàdìlàt. Ó ní, "Grandma, bóyá ó ń sanra ni, ó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ." Kọ ọ́, ohun tóo sọ nìyẹn.

Ọjọ́ píkíníìkì pé. Gbogbo wa kó lọ sí ọgbà kan tí adágún kékeré wà nínú rẹ̀. Òórùn súyà gba gbogbo ibẹ̀. Lékan àti Willie gbé ọkọ̀ náà wá lórí mọ́tò Willie. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ariwo rọlẹ̀. Ó dára ju ohun tí mo lè sọ fún ọ lọ. Àwọ̀ ewé ni, ó ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n fi òróró pa, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Adéògún nìkan ló rí nǹkan sọ. Ó ti ra táyà afẹ́fẹ́ táwọn ọmọdé fi ń wẹ̀, èyí tó lórí pẹ́pẹ́yẹ, ó fi kọ́ Lékan lọ́rùn níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Torí Edgewater jìnnà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lékan ò yọ ọ́.

Fàdìlàt ti wọ aṣọ tuntun, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí Nusaybah ya wọ́n ní fọ́tò. Lékan ní kó dúró. O mọ̀ bó ṣe rí nílé wa: ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òun nìkan, kó tó jẹ́ kọ́mọ ẹlòmíì fi ẹsẹ̀ kàn án. Inú mi dùn pé kò gbàgbé. Ó wọ̀ ọ́, ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀, ó lọ. Àjẹ̀ rẹ̀ ò dún. Mo ń wò ó tó ń kéré lọ pẹ̀lú orí pẹ́pẹ́yẹ lọ́rùn, ó dé òdìkejì, ó yí padà, ó ń bọ̀. Nígbà tó gúnlẹ̀, Ṣàkírù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá inú ọkọ̀. Ó gbẹ táútáú.

Àwọn èèyàn hó. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ mi, inú Ṣàkírù dùn. Ó na apá méjèèjì, ó ní, "Àna mi! Ẹ wo àna mi o! Ọjọ́ wo làwọn èèyàn rẹ ń bọ̀?"

Lékan yọ pẹ́pẹ́yẹ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Adéògún, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ṣàkírù lórí koríko tútù, ó dìde, ó gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọkọ̀ yín rèé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí àwọn èèyàn mi. Wọn ò ní wá."

Ṣàkírù ní, "Wọn ò ní wá báwo? Torí èmi ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ò fẹ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì fi pamọ́ fún mi. Mi ò bá yín jà."

Fàdìlàt ti já wọ àárín wọn. Ó ní, "Lékan, torí fídíò yẹn? Eré ni now! Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín!"

Lékan ò tíì wò ó látàárọ̀. Ó wá wò ó. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. Ó ní, "Fídíò yẹn dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fi han ìyá mi. Ìyá mi sunkún torí ẹrẹ̀ tó wà lára mi. Wọ́n wá bi mí pé, ta lọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, tí kò lè fà ọ́ dìde? Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n." Ó tún ní, "Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ìyá mi nìyẹn. Mo fẹ́ kó di òótọ́."

Ó kí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé fún ìkòkò." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Àwọn ọmọdé ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ẹran ò tíì jinná pàápàá.

Láti ọjọ́ yẹn, Ṣàkírù ń bú u káàkiri ilé pé òun ni kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ó sì tún ń pè é lórí fóònù. Lékan ò gbé e. Fàdìlàt sunkún títí ojú rẹ̀ wú bí àkàrà. Mo ní ẹkún ò mọ ọ̀nà Edgewater, dìde, wa mọ́tò. Ó se ọbẹ̀ ẹja, ó se ẹran, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, èmi náà sì jókòó tì í, a lọ.

Lékan ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó fún mi ní àga tó dáa jù nílé wọn. Ó gbé omi wá. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé, ó ní, "Màmá wa láti Bolingbrook rèé, àti Sister Fàdìlàt tó gbé wọn wá." Sister! Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó dé mọ́sáláṣí lánàá. Fàdìlàt kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Dákun." Lékan ní, "Ẹ dìde, Sister, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù." Kò bínú. Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ká ní ó bú u ni, ǹ bá ní ìfẹ́ ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn arúgbó tó ń tọ́jú sọ̀rọ̀, àwọn tó jẹ́ pé tó bá dọ̀la, ẹlòmíì lè máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Ó bu oúnjẹ fún mi, ó bu fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n yìn ín. Òun ò tọ́ ọ wò. Ó fọ gbogbo abọ́ wa, ó nù wọ́n gbẹ, ó tò wọ́n padà sínú kúlà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún wa dé ìdí mọ́tò.

Bá a ṣe ń bọ̀, Fàdìlàt ń sunkún lórí ọ̀nà márosẹ̀. Mo ní, "Ṣùgbọ́n o se ẹja yẹn dáadáa." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ ti padà sí gáréèjì. Mutmainnah ń sá àlùbọ́sà sínú rẹ̀.

Nítorí náà, má gba àga o, má gba ìbòòrùn. Ṣàkírù máa pè ọ́. Ó máa ní kí o lọ bá òun bẹ ìyá Lékan, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Má lọ. Bóo bá lọ, wàá ní láti sọ ẹni tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Fàdìlàt náà ní kí n jẹ́ kóun kọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì tòun sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, kí o mú un lọ fún obìnrin náà. Mo ní rárá. Ohun tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn, ó máa wá di ẹrù sórí ìyá ọlọ́mọ.

Bá mi kí Bàbá Ìbráhìm. Bá mi kí ìyàwó Ìbráhìm, kó sọ̀ ní ìrọ̀rùn. Kí gbogbo agbolé. Bóo bá lọ sétí ọ̀sà, bá mi bomi bọjú.

Kí ìyá Lékan náà, kí i dáadáa. Bó bá gbé fóònù wá fún ọ pé kí o wá wo ohun tí wọ́n fojú ọmọ òun rí ní Amẹ́ríkà, jókòó tì í, bá a wò ó, bá a káàánú. Wàá dá ẹ̀rín yẹn mọ̀, ìwọ lo gbé Fàdìlàt pọ̀n nígbà tí wọ́n mú un wálé. Bó bá bi ọ́ pé ta lọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, sọ fún un pé o ò mọ̀ ọ́n rí.

Fàdìlàt ti gbé bírò sílẹ̀ níbi tí mo dé yìí. Mo ní kó gbé e, kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ò ní yí padà,

Ṣífáwù,
Ìyá Ṣàkírù.